ÌBẸ̀WÒ WA SÍ ADUWAWA

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni a gbéra láti Agbor, níbi tí a ti ń ṣe akọ̀wé rélùwéè, láti lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ ní Aduwawa. Ojú irin tí ó ti Warri lọ sí Itakpe kò ya Bìní, nítorí náà mọ́tò ni àwa ará rélùwéè wọ̀, a sì sanwó bí ẹni gbogbo.

Aduwawa wà lójú ọ̀nà Auchi, ní òdìkejì odò Ikpoba sí àárín ìlú. Ọjà màlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Kí a tó dé ilé ni òórùn màlúù ti pàdé wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹja àrọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ń sìn nínú àgbá ńlá méjì lẹ́yìnkùlé. Ní 2023 tí owó náírà já wálẹ̀, oúnjẹ ẹja gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rò ó láti ta àgbá. Ẹni tí ó bá ń sìn ẹja mọ̀ pé oúnjẹ ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó lọ. Níbẹ̀ ni ìdin ti wọ ọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe yínmú. Kì í ṣe ìdin eṣinṣin ilé. Ti eṣinṣin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní black soldier fly, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàn ká ayé. Bí ó bá ti hu ìyẹ́, kì í bu ni jẹ, oúnjẹ ẹni kò sì jẹ ẹ́ lógún. Yóò gùn, yóò yé ẹyin, yóò sì kú láìpẹ́. Abo kan a máa yé ẹyin bíi 500 sínú àlàfo gbígbẹ tí ó sún mọ́ ohun tí ó ń jẹrà. Ẹ̀gbọ́n wa to pákó pẹlẹbẹ léra, ó fi àyè díẹ̀ sí àárín wọn, ó gbé wọn sórí ọpọ́n tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èérí ògì àti àjẹkù ilé oúnjẹ wà. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin ẹyin pa. Ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ìdin ti tóbi. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu ni pé, nígbà tí wọ́n bá gbó tí ara wọn dúdú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gun pákó tí a fi dágẹ̀rẹ̀ jáde láti wá ibi gbígbẹ, wọn a sì já sínú korobá. Wọ́n ń kó ara wọn wá fún ẹja! Bí a bá sá wọn gbẹ, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 wọn ni èròjà tí ń mú ara dàgbà.

Ìyá Ìbejì kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ta ni yóò ra ẹja tí ó jẹ ìdin lọ́wọ́ mi?” Ìgbà àkọ́kọ́, omi pọ̀ jù nínú ọpọ́n, òórùn jáde, aládùúgbò sì wá fi ẹjọ́ sùn. (Aládùúgbò tí ó ń gbé lẹ́bàá ọjà màlúù!) Iyẹ̀ pákó gbígbẹ tí wọ́n dà sí i ni ó pa òórùn náà.

Nísinsìnyí, àpò oúnjẹ mẹ́rin lóṣù ti di méjì. Wọn kò lè fi oúnjẹ rírà sílẹ̀ pátápátá, nítorí àwọn ọmọ ẹja kéékèèké kò lè gbé odidi ìdin mì. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ni a bá tí ó ń da ìdin sínú àgbá. Ó ní kí a má sọ fún àwọn oníbàárà òun, nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò ka ìwé yìí. Ẹja inú àgbá kejì ni wọn yóò fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì tí wọ́n ń wọ girama ní oṣù September.