Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Fi Owó Rà Á

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí ìgbà tí mo bá dé èbúté Ìgbókòdá tí n kì í gbọ́ kí ẹnì kan máa ráhùn lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ọjà àlòkù ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tòkunbọ̀.

Orúkọ náà a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń sọ ní Tòkunbọ̀ kí ó tó di orúkọ mọ́tò àti fìríìjì. Ṣùgbọ́n àwa Ìlàjẹ tí a ń gbé etí òkun, kí ni kò tòkun bọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ẹja tòkun bọ̀, ìjì tòkun bọ̀, àdánù pàápàá tòkun bọ̀. Ẹ wo Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, bí omi ti gbé ilé àti òpópónà ibẹ̀ lọ lójú wa.

Ẹni tí ó wà ní Àkúrẹ́, bí mọ́tò àlòkù tí ó rà bá kú lójú ọ̀nà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sílé. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò, ẹ́ńjìnnì tí a so mọ́ ìdí rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ó bá kú láàárín omi, níbo ni èèyàn yóò sọ̀ sí?

Ní 2022 àbúrò mi obìnrin, tí ó ń ra ẹja ní etí òkun wá sí ọjà Ìgbókòdá, kó èésú tí ó ti ń dá láti ọdún méjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sìn mí lọ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Ẹ́ńjìnnì agbára 40 ni ó ń wá, àlòkù sì ni owó rẹ̀ ká. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó tà á fún wa, n kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni. Ó fún wa ní àga, ó ra omi tútù fún wa, ó sì fọwọ́ lu ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni ń lu màlúù tí ó sanra. Ó ní odò tí kò níyọ̀ ni wọ́n ti lò ó nílùú òyìnbó, pé kò tọ́ omi iyọ̀ wò rí láyé rẹ̀. Wọ́n tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n tan án, ó dún dáadáa, omi sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Kí àbúrò mi tó tú owó, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ọkọ̀ èrò àti ẹja ni a fẹ́ fi í sí, pé lórí omi iyọ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ sọ nípa odò náà sí i pẹ̀lú." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìdánwò ni ẹ fẹ́ ṣe fún mi ni?" Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ìlà méjì péré ni, bírò mi ni ó sì fi kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ́ńjìnnì yìí gbóná, ó rú èéfín, ó sì kú sórí omi pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlá àti agbọ̀n ẹja. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá arúgbó kan wà nínú wọn, aláboyún kan sì wà. Atẹ́gùn ń gbé wọn lọ sí ibi tí wọn kò fẹ́, wọ́n ń fi àjẹ̀ kan ṣoṣo wa ọkọ̀, títí ọkọ̀ àwọn apẹja kan fi rí iná tọ́ọ̀ṣì wọn tí ó sì fà wọ́n dé ilẹ̀. Èèyàn kò kú, a dúpẹ́. Ẹja bàjẹ́ tán.

Nígbà tí mẹkáníìkì wa tú u, ó ránṣẹ́ pè wá kí a wá fojú ara wa rí i. Ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá láti mú ẹ́ńjìnnì tutù ti dí pa. Iyọ̀ ti dì síbẹ̀ gbagidi, mẹkáníìkì sì ní iyọ̀ tí ó pọ̀ tó báyìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Irin ibẹ̀ ti là, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún kí ojú má baà rí i. Ẹ́ńjìnnì tí kò tọ́ omi iyọ̀ wò rí nìyẹn o!

A gbé e padà. Ọ̀gá wa ọlọ́yàyà kò ra omi tútù lọ́jọ́ náà. Ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ rìsíìtì tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà kì í padà. Ó ní àlòkù ni a rà, pé bí a bá ń fẹ́ èyí tí kì í bàjẹ́, kí á lọ ra tuntun. Ó tún ní ọ́ìlì burúkú ni a fi sí i.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì yẹn, òfin ni. Kì í ṣe òfin rárá. Òfin tí ó wà ni ti Ìjọba Àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, òfin ọdún 2018, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Òun ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ní ipò Consumer Protection Council tí òfin 1992 gbé kalẹ̀. Ó sọ ní abala 117 pé ẹni tí ó bá ń ta ohun àlòkù, tàbí ohun tí a tún ṣe, gbọ́dọ̀ fi í hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ó sọ ní abala 118 pé olùtajà gbọ́dọ̀ fún wa ní ìwé tí orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí a rajà, irú ọjà náà àti iye owó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn rìsíìtì tí wọ́n ń já fún wa, tí wọ́n kàn kọ "ẹ́ńjìnnì 1" sí, kò pé.

Èyí tí ó gbà wá là ni abala 122. Ó ní bí oníbàárà bá ti sọ fún olùtajà ohun pàtó tí òun fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é, oníbàárà lè dá a padà láàárín ìgbà tí ó bá yẹ, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Òfin kan náà tún sọ pé olùtajà kò lè fi ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ wa. Ìlà méjì tí ó fi bírò mi kọ ni mo tún kà sí i létí. Ó dákẹ́.

Àwọn àgbà ọjà pè wá jọ. Alága wọn, bàbá kan tí kò gba ìgbàkugbà, kọ́kọ́ ní kí ọ̀gá náà bá wa tún un ṣe. Àbúrò mi ní, "Bàbá, ẹ má bínú, n kò tún lè gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́." Bàbá náà wò ó títí, ó ní kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a lọ gbà á, oṣù kan ati ààbọ̀ sì kọjá kí ó tó pé.

N kò ní pe ọkùnrin náà ní olè. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ta tòkunbọ̀, inú àpótí ni wọ́n ti ń rà á láì tú u wò, ẹlòmíràn sì lè ti kun ọ̀dà náà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ fún wa nípa odò kì í ṣe ohun tí ó mọ̀. Ó kàn ń tajà ni.

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni ti olùtajà, ẹ gbọ́ èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bartlett ra mọ́tò Jaguar àlòkù lọ́wọ́ àwọn tí ń ta mọ́tò. Wọ́n sọ fún un pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, ó sì gbà láti rà á bẹ́ẹ̀ ní owó tí ó dínkù. Nígbà tó yá, àtúnṣe náà wọ́n ju bí wọ́n ti rò lọ, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1965, Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò lẹ́jọ́ kankan. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ra mọ́tò àlòkù mọ̀ pé àléébù lè yọjú nígbàkigbà. Bí mọ́tò bá ṣáà ti ṣeé gùn, ó tó. Òfin ọjà títà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 ni wọ́n fi dá a, òfin náà sì ni ìpìlẹ̀ èyí tí a jogún ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nítorí náà, bí olùtajà bá fi àléébù hàn yín, tí ó sì dín owó kù nítorí rẹ̀, ẹ ti ra àléébù náà mọ́ ọn nìyẹn. Táyà tí ó jẹ, ìjókòó tí ó ya, ẹ má gbé e lọ sí kóòtù.

Bí olùtajà bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí FCCPC ní Àbújá, kò sì di dandan kí ẹ gba lọ́yà kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ lè gba kóòtù lọ tààrà pẹ̀lú. Ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì sínú ìwé yín, kì í ṣe ojúlówó rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì sí i pẹ̀lú ọjọ́ tí ó tú ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ má jẹ́ kí ó tún un ṣe kí ẹ tó ya fọ́tò ibi tí ó bàjẹ́, nítorí bí ó bá ti tún un ṣe, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù láàárín èmi àti àbúrò mi. Ẹja tí ó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní kí a kọ̀wé béèrè rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì náà ni ó fà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n lọ wá ẹja mìíràn." Òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta ti dá owó jọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun, wọ́n sì ń pín ọjọ́ lò ó. Èmi ṣì ní ìwé ẹ̀sùn náà nínú àpótí mi, mo ti kọ ọ́ tán, ó ku kí ó fọwọ́ sí i.