Àlòkù Kì í Ṣe Òkú: Bọ́ọ̀dù Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ ní Ìlú Accra

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá wọ mọ́tò láti Èkó, tí ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tí ẹ la Kútọnu àti Lomé já títí dé Accra, ibi tí àwọn àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ lọ ni etíkun, ibi ìrántí Kwame Nkrumah àti ọjà Makola. Ní tèmi, ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe ni mo lọ wò. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń wá kọ̀ǹpútà tí ọmọ wọn yóò fi kàwé, owó tuntun sì ti kọjá ohun tí apá ká. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé kan náà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ilé ti gbà pé ó ti kú.

Láàárín "kù" àti "kú"

Iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, nítorí náà etí mi kì í sinmi lójú ọ̀nà. Ní Ghana, "obroni wawu" ni wọ́n ń pe aṣọ òkìríkà lédè Twi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òyìnbó ti kú, bí ẹni pé ẹni tó ni irú aṣọ dáadáa bẹ́ẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ láyè. Àwa Yorùbá ní "tòkunbọ̀", orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé. Òun náà la fi ń pe mọ́tò àti fíríìjì. A tún ní "àlòkù", ohun tí a lò tí ó ṣẹ́ kù. Ẹ kíyè sí i pé "kù" ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó di "kú".

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù, tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù, ni pátákó pẹlẹbẹ inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Nǹkan kékeré ló sábà máa ń ya èyí tó kù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kú, ẹni tó mọ nǹkan kékeré náà ló sì lè gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ iná.

Agbogbloshie, ibi tí èéfín ti ń rú

Agbogbloshie wà létí odò Odaw, nítòsí ibi tí odò náà ti ń wọ ọ̀sà Korle. Òdìkejì rẹ̀ ni àdúgbò Old Fadama. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjà iṣu, ọjà àlùbọ́sà àti ọgbà irin àlòkù wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìhà àríwá Ghana ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ọgbà náà ti wá, Dagomba sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n á máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù káàkiri ìlú, wọ́n á máa ra kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tó bàjẹ́ láti ojúlé dé ojúlé. "Borla" ni wọ́n ń pe ìdọ̀tí ní Accra. Ẹ rántí "baban bola" tó ń kó irin kiri lọ́dọ̀ tiwa: ọ̀rọ̀ kan náà ló ti bá àwọn oníṣòwò kọjá ẹnubodè.

Àwọn oníròyìn òkè òkun sọ Agbogbloshie di olókìkí nítorí èéfín. Òtítọ́ ni èéfín náà. Láti rí bàbà inú wáyà kó, wọ́n máa ń dáná sun rọ́bà tó bò ó, táyà àti fóòmù inú fíríìjì sì ni igi ìdáná wọn. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ IPEN àti Basel Action Network yẹ ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ wò. Ẹni tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yóò gba májèlé dioxin tó fi ìlọ́po 220 ju ohun tí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù fàyè gbà lóòjọ́.

Ṣùgbọ́n èéfín nìkan kọ́ ni ìtàn náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lábẹ́ Àdéhùn Basel fi hàn pé ní ọdún 2009, nǹkan bí 7 nínú 10 ẹrù iná mànàmáná tó wọ Ghana ló jẹ́ àlòkù. Nínú 100 àlòkù wọ̀nyí, bíi 15 péré ni kò ṣe é tún ṣe rárá. Ìyókù ń ṣiṣẹ́, tàbí ó rí oníṣẹ́ tó jí i. DK Osseo-Asare àti Yasmine Abbas, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ayàwòrán ilé, tilẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tó so àwọn ọmọ ọgbà irin pọ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga, kí wọ́n lè jọ máa fi àlòkù ṣe nǹkan tuntun.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, ìjọba kó àwọn oníàlùbọ́sà lọ sí Adjen Kotoku, wọ́n sì wó ọgbà irin náà. Iṣẹ́ náà kò tán. Ó fọ́nká ni, apá kan sọdá odò sí Old Fadama, apá kan gba ibòmíràn lọ nínú ìlú. Ohun tó nira jù láti tún kó jọ ni ìmọ̀ àwọn tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ń tú nǹkan lè fi ọwọ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe.

Lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan ní Circle

Circle ni gbogbo ará Accra ń pe àyíká Kwame Nkrumah. Ibẹ̀ ni Tip Toe Lane wà, tí fóònù àti ẹ̀yà ara rẹ̀ kún bí àgbàdo lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀ wọ̀nyẹn ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tí baba rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹbí wọn pín sí méjì ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana. Èyí tó dúró ló bí i. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣì dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mọ bọ́ọ̀dù tó ṣì wúlò?"

"Àbúrò, màá kọ́kọ́ wò ó lójú, màá wá bi í léèrè."

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku rẹ̀. Ó wo àwọn agolo tín-tìn-tín tó dúró lórí bọ́ọ̀dù, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa tọ́jú iná. Bí orí wọn bá wú, tàbí tí omi ti ń jò níbẹ̀, wọ́n ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1999 sí 2007 ló ní àrùn yìí, nítorí pé omi inú agolo náà kò dára. Ẹni tó bá mọ òjé yọ́ lè yọ wọ́n, kó fi tuntun sí i lówó pọ́ọ́kú.

Lẹ́yìn náà ló kan bátìrì roboto bí owó ẹyọ, tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ CR2032. Bí agbára rẹ̀ bá tán, kọ̀ǹpútà yóò gbàgbé ọjọ́ òní, ó sì lè kọ̀ láti tẹ̀síwájú. Ó fi ìpawé-rẹ́ ọmọ ilé ìwé nu ẹnu ráàmù títí tó fi ń dán. Ó wá tẹ́ bọ́ọ̀dù náà sórí páálí gbígbẹ, ó so iná mọ́ ọn, ó fi ẹnu sukudiráfà kan irin ẹ̀ṣọ́ méjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáànù yí. Ó dún pí-ì lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dáhùn," ni ó wí. "Ó ku ilé tí yóò gbé."

Ihò tí kò yí padà

Ilé náà ni kéèsì, àpótí irin tí a ń gbé bọ́ọ̀dù sí. Ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kún fún kéèsì àtijọ́, irin gidi, tí òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún 25. Òwe wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yìí ni ọrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé ní ọdún 1995, iléeṣẹ́ Intel gbé ìwọ̀n kan jáde tí wọ́n ń pè ní ATX. Bọ́ọ̀dù ńlá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.5 sí 24.4, ojú ibi tí ihò ìdè rẹ̀ wà kò sì yí padà láti ìgbà náà. Àbúrò rẹ̀ tó dé ní 1997, tí ó jẹ́ 24.4 sí 24.4, àti èyí tó kéré jù tó dé ní 2001, tí ó jẹ́ 17 sí 17, ń lo lára ihò kan náà. Nítorí náà, kéèsì ọdún 1999 lè gba bọ́ọ̀dù ọdún 2015.

Àwọn nǹkan mẹ́ta ló ní kí n fi sọ́kàn. Èkíní, ẹsẹ̀ bàbà kéékèèké wà tó ń gbé bọ́ọ̀dù sókè kúrò lára irin. Bí ọ̀kan bá wà níbi tí kò sí ihò, ó lè kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, kí iná gbé e. Èkejì, páwà àtijọ́ ní ẹnu 20, ti lẹ́yìn 2003 ní 24. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpótí tó lẹ́wà mú yín lo páwà tó ti rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan ti ṣe ihò tàbí páwà tiwọn rí. Ẹnu rẹ̀ lè jọ ti àwọn yòókù, kí ètò wáyà inú rẹ̀ sì yàtọ̀, ìyẹn ló sì ń jó bọ́ọ̀dù tó yè.

Kẹ́ẹ̀gì tó di kéèsì

Ní ọ̀nà àbọ̀, ẹ óò tún kọjá ní Lomé àti Kútọnu, níbi tí wọ́n ti fi hàn pé kéèsì gan-an kò pọn dandan. Ní Lomé, Sénamé Koffi Agbodjinou dá ibi iṣẹ́ tó ń jẹ́ WɔɛLab sílẹ̀ ní 2012. Ibẹ̀ ni Afate Gnikou ti kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti jù nù jọ, tó sì fi ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ìrí mẹ́ta ní ọdún 2013. Ní Kútọnu, BloLab ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti to kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry. Wọ́n á gé kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, irú èyí tí a fi ń ta òróró, wọ́n á de bọ́ọ̀dù àlòkù àti páwà mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á fi Linux tí a kì í sanwó fún ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to irú èyí kò ní bẹ̀rù kọ̀ǹpútà mọ́.

Ohun tó kàn wá nílé

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò lè gba Windows 11 ni wọn yóò máa jù nù, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù wọn kò ṣàìsàn kankan. Linux Mint tàbí Lubuntu yóò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ wọn fún ìwé kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ta ti ilé, ẹ tà á lódidi fún oníṣẹ́ tó ń tún un ṣe. Tí ẹ bá fọ́ ọ kí ẹ tó tà á bí irin, ẹ ti yan iná fún un. Ẹ yọ háàdì dísìkì rẹ̀ kọ́kọ́: ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn láti Kánádà ra háàdì dísìkì àlòkù ní Ghana, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kan lórí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìwé báńkì àti fọ́tò ìdílé yín kò ní ẹ̀ṣọ́ tó tó tiwọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fọ́ bọ́ọ̀dù ṣeré tàbí kó sun wáyà. Òjé tó wà lára bọ́ọ̀dù àti èéfín tó ń tara rọ́bà jáde kì í dárí ji ọpọlọ ọmọdé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ ní kí ó tàn án lójú yín. Ẹ mú ìdíwọ̀n dání kí ẹ wọn bọ́ọ̀dù, kí ẹ wo orí àwọn agolo, kí ẹ béèrè iye ẹnu páwà rẹ̀. Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ jọ tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì roboto yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.