Oògùn Sọ́ńdè-Sọ́ńdè

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má fún ìyàwó wa lóògùn tó máa mú ọmọ sanra o. Ẹ ò rí i bí ara ẹ̀ ṣe kéré ni? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ fi abẹ gbẹ̀bí ẹ̀."

Ìyá ọkọ aláboyún kan ló bá mi sọ ọ́ ní 1987, ọdún tí mo kọ́kọ́ dúró gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí. Ọmọ tí ìyàwó náà bí kò ju kílò 1.9 lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò bá ti tó 2.5 la kà sí ọmọ tó fúyẹ́. Àpótí tó ń mú ọmọ móoru ti bàjẹ́, la bá fi aṣọ dì í mọ́ àyà ìyá ẹ̀. A ò mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bogotá láti 1978. Ó yè.

Oògùn tí àwọn aláboyún mọ̀ nígbà náà ni Sọ́ńdè-Sọ́ńdè, ìyẹn pyrimethamine, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nítorí ibà. Kòkòrò ibà máa ń lúgọ sínú olóbi, á sì dínà oúnjẹ mọ́ ọmọ. Ìtòsí wa níhìn-ín, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún àwọn aláboyún lóògùn yìí láti wò ó. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1964. Ọmọ àwọn tó lò ó wúwo ju ti àwọn yòókù lọ.

Nígbà tó yá, ibà mọ oògùn náà dunjú. Fansidar ló dé: hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí aláboyún gbé e mì níṣojú mi, láti oṣù kẹrin lọ, kí oṣù kan wà láàárín. Mo ka ara páálí rẹ̀: pyrimethamine wa àtijọ́ náà ló tún wà nínú ẹ̀, sulfadoxine ló kàn bá a rìn. Ohun tá a ṣì ṣe ni fólíìkì 5 mg tá à ń fún wọn lójoojúmọ́ mọ́ ọn. Ó ń dín agbára Fansidar kù. 0.4 mg ti tó.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló fún mi níṣẹ́ jù. Mo lọ kí aláboyún kan nílé, mo bá odindi àpò rẹ̀ lábẹ́ ẹní. Ó ní ìgbẹ́ òun dúdú bí èédú, ẹ̀rù ba òun. Ta ló sọ fún un pé irin inú oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni kankan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó sọ pé kí wọ́n fi omi ọsàn gbé e mì, kí wọ́n má fi tíì gbé e.

Ní báyìí, hóró kan wà tó kó èròjà 15 pọ̀. Ó wọ ìwé oògùn kòṣeémáàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2021. Ọmọdébìnrin kan wò ó lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yìí: "Mọ́mì, ṣé kò ní sọ ọmọ mi di òmìrán?"

Mo fa àga, mo jókòó tì í. Mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ẹ̀kọ mímu ni, kò sí àkàrà.