Ọ̀nà Tí Ó Dákẹ́ Láàárín Òkè

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè rìn jìnnà kí ó má sì rí nǹkan kan, bí eré tí ó ń sá bá ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì yóò gba àárín òkè kọjá. Bí a bá sì bi í léèrè ohun tí ó rí, yóò ní òun rí igi, òun rí òkúta, oorun sì gbé òun lọ díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn yóò rí púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò ṣú bá a lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ni mo sì fi mọ ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ náà ni àgbègbè olókè tí ó wà ní ààlà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta fi yé wa pé òkúta líle kan tí wọ́n ń pè ní quartzite ni eegun ẹ̀yìn àwọn òkè wọ̀nyí. Òjò àti oòrùn ti jẹ àwọn òkúta tí ó rọ̀ láti ayébáyé, ṣùgbọ́n eléyìí kò gbà fún wọn; ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yọrí sókè ju àwọn yòókù lọ. Orúkọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé wọn. Ó nà gbọọrọ láti ìhà àríwá wá sí ìhà gúúsù, ó tó nǹkan bí 180 kìlómítà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Itan ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ọ̀nà bá tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, ìrìn yóò rọrùn. Bí ọ̀nà bá dá òkè ní ìdábùú, ó di dandan kí a gùn ún, kí á sì tún sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì.

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ kò sí nínú èyí tí mo ń wí. Níbi tí tírélà ti ń lé bọ́ọ̀sì, tí bọ́ọ̀sì sì ń lé ọ̀kadà, kí ni ológeere ń wá níbẹ̀? Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni mo ti máa ń gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo orí òkè, tí òtútù sì mú débi pé ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè di irin mú. Ọkọ̀ a máa kọjá lójú ọ̀nà yìí títí dé Ìta-Awúre. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yà sí ọ̀nà Òkèmẹ̀sí, ariwo ọkọ̀ yóò máa rẹlẹ̀ lẹ́yìn wa. Láti Òkèmẹ̀sí, ọ̀nà ré òkè kọjá sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì tún lọ sí Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Gígun òkè ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè yóò sọ̀ kalẹ̀ ní agbedeméjì. Ẹ fi sùúrù tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì wo ṣóńṣó orí òkè. Ibi tí táyà iwájú yóò tẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Síbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ni ó léwu ju ìgòkè lọ. Ẹ má ṣe di bíréèkì mú pinpin láti òkè délẹ̀, nítorí pé bíréèkì tí ó ń fún irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ a máa mú kí irin náà gbóná, ooru náà sì lè mú kí táyà bẹ́. Ẹ fún un, ẹ tú u, kí ẹ sì tún fún un. Ẹ fún ti iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, nítorí bí ẹ bá fún ti iwájú nìkan lójijì, kẹ̀kẹ́ lè dojú dé. Kí ẹ sì ti dẹ eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, nítorí ẹ kò mọ ẹni tí ń bọ̀ lódì kejì, yálà àgbẹ̀ tí ó ru igi ni tàbí agbo ewúrẹ́.

Ohun tí etí ń gbọ́ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Omi ń ṣàn lábẹ́ òkúta níbi tí ojú kò tó. Àdá ń dún nínú oko tí ó ga ju orí ẹni lọ, ẹni tí ó ni àdá náà yóò sì kígbe láti òkè pé, “Ẹ kú ìrìn o!” Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lè dá a lóhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o!” kí ó tó kọjá. Ta ni ó lè kí àgbẹ̀ lórí òkè láti inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀?

Ní ọjọ́ kan, mo dúró mu omi ní Òkèmẹ̀sí, níwájú ilé bàbá àgbàlagbà kan. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, “Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ọkọ̀ rẹ bàjẹ́ ni o fi ń gun kẹ̀kẹ́?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, kòkó ni àwọn máa ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, bí àwọn bá sì dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn a sọ̀ kalẹ̀, àwọn a máa tì í pẹ̀lú òógùn. Ó wo kẹ̀kẹ́ mi láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹrù ni ó mú kí àwa gùn ún. Tìrẹ kò ní ẹrù. Kí ni ò ń gbé bọ̀?”

Mo ní, “Bàbá, ìdákẹ́jẹ́ ibí yìí ni mo wá gbádùn. Ó tuni lára púpọ̀.”

Bàbá kò dáhùn kíákíá. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Ọ̀nà yìí kò dákẹ́ báyìí rí. Ọmọ wa pọ̀ lójú rẹ̀, wọn a máa lọ sóko, wọn a máa lọ sílé ìwé. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó tù ọ́ lára yìí, ọmọ mi, àwọn tí ó lọ sí ìlú ńlá tí wọn kò padà wá ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lọ ní gbogbo ọ̀nà dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ ti tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1877 ni Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí lábẹ́ Ògèdèǹgbé ará Iléṣà. Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tẹ̀dó sí lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, ẹni tí ó kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ìró ìbọn ńlá tí ń kọ láàárín òkè ni ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè wọ̀nyí kò ní béèrè ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lónìí, ìpínlẹ̀ Èkìtì ni Òkèmẹ̀sí wà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà, ènìyàn sì lè gba àárín wọn kọjá láìgbọ́ ju ohùn ẹyẹ lọ.

Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ìdákẹ́jẹ́ àlàáfíà wà, èyí tí àwọn baba wa fi ẹ̀jẹ̀ àti ìmùlẹ̀ rà. Ìdákẹ́jẹ́ àdáwà wà, èyí tí bàbá Òkèmẹ̀sí sọ fún mi. Ẹ̀kẹta ni ìdákẹ́jẹ́ ìbẹ̀rù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìhà mìíràn ní Èkìtì, ní ọjọ́ kan náà sì ni a jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Ẹ̀mùrẹ́. Irú nǹkan báyìí a máa lé àgbẹ̀ kúrò lóko, a sì máa lé ọmọdé kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tí àgbẹ̀ ti sá kúrò kò yẹ ní gbígbà fún ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó dákẹ́ tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ tí ẹ sì fẹ́ mọ ilẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ bí ọ̀nà ti rí. Ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ yan ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò wọ́n. Ẹ kí ẹni tí ẹ bá pàdé, ẹ ra ọsàn lọ́wọ́ ẹni tí ó pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì bi àgbà ní ìtàn ìlú rẹ̀ kí ẹ tó kọjá. Ẹrù tí ó yẹ kí kẹ̀kẹ́ yín gbé bọ̀ nìyẹn, kò sì wúwo lórí òkè. Kò sí ọ̀nà tí ó ti ara rẹ̀ di ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó là á, bí ẹsẹ̀ bá sì kúrò níbẹ̀, igbó yóò gbà á.