Àyà Jíjá Kì í Ṣe Ẹ̀rù

Ọ̀rọ̀ tòní kò ní gírámà púpọ̀ nínú. Eré sinimá adẹ́rùbani ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tí èmi àti Ìyá Ìbejì máa ń wò nígbà tí a bá ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ara wa. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn láti ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ń wá sílé lóṣù. Àwọn ọmọ á sùn, a ó gbé gúgúrú àti ẹ̀pà síwájú, a ó pa iná. Nítorí náà, bí eré kan bá burú, kì í ṣe owó nìkan ló jẹ. Wákàtí méjì nínú ìwọ̀nba àkókò tí a ní ló gbé mì.

Ohun tí The Nun ṣe fún wa nìyẹn, eré ọdún 2018 tí Corin Hardy darí. Ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní orílẹ̀-èdè Romania, lọ́dún 1952, ni ìtàn náà ti wáyé. Òkùnkùn wà níbẹ̀, ibojì wà níbẹ̀, ẹ̀mí àìmọ́ kan sì wọ aṣọ sísítà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá: kí gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, kí nǹkan sì ṣàdéédé dún gbàmù! Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Ìbejì ti mọ ìgbà tí yóò tún dún. Ó ń fi ìka kà á. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ó ti ń hanrun.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bí nǹkan bá dún gbàmù lẹ́yìn ẹni, àyà ẹni yóò já, kò sì ní pẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n kí jìnnìjìnnì dà boni, kí orí ẹni wú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ wo gbólóhùn méjèèjì: nínú ‘àyà mi já’, àyà nìkan ló já, nínú ‘ẹ̀rù ń bà mí’, ẹ̀rù ni olùwà, odidi èmi sì ni àbọ̀. (Mo ṣáà ti sọ pé gírámà inú rẹ̀ kò pọ̀.)

Èyí tó bà wá lẹ́rù tó sì dùn mọ́ wa ni A Quiet Place, ọdún 2018 kan náà. John Krasinski ló darí rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Emily Blunt, ló sì ṣe bàbá àti ìyá inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá abàmì tí kò ríran ti gba ayé, ìró ni wọ́n ń tẹ̀lé pa ènìyàn. Ìdílé náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Èdè ọwọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n mọ̀ nítorí ọmọbìnrin wọn tí kò gbọ́ràn. Millicent Simmonds tó ṣe ọmọ náà kò gbọ́ràn lóòótọ́. Ìṣó kan ṣoṣo tó yọrí lórí àtẹ̀gùn bà wá lẹ́rù ju gbogbo ibojì ilẹ̀ Romania lọ, nítorí a ti mọ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́: aboyún ni, ìrọbí sì ti mú un. Ìyá Ìbejì di ọwọ́ mi mú. Gúgúrú wà lẹ́nu mi, n kò lè rún un.

N kò gbàgbé eré tiwa o. Nínú The Figurine: Araromire tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2009, ọdún méje oríire ni, ọdún méje àjálù sì tẹ̀lé e. Títí di òní, èmi àti Ìyá Ìbejì kò tíì fẹnu kò bóyá ère náà ló fà á ni tàbí ọwọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

Nígbà tí A Quiet Place parí, a kò tètè tan iná. Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé àwọn ẹ̀dá náà wà ní pálọ̀: ‘Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé owó ilé-ìwé àti epo jẹnẹrétọ̀ nìkan la máa ń sọ lórí fóònù?’ Mo ní mo ṣàkíyèsí. A jókòó títí di aago méjì òru. A sọ ti ọmọ inú eré, a sọ ti àwọn ọmọ tiwa, a sì sọ ti bóyá kí ó padà wálé ni tàbí kí a kó lọ bá a. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé. Òun ló kàn láti mú eré, ó sì ti ní kì í ṣe èyí tó ń dún gbàmù.