Iṣẹ́ Kan Ni àbí Iṣẹ́ Púpọ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pófo. Yorùbá kan náà ló sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe méjèèjì yìí máa ń forí gbárí nínú ilé tí ọmọ bá ti jáde ilé ìwé, tí àwọn òbí sì ń ronú iṣẹ́ tó máa kọ́. Ṣé kó mọ ohun kan ṣoṣo dójú àmì ni, àbí kó mọ díẹ̀díẹ̀ nínú oríṣiríṣi nǹkan?

Ní Ashanti New Town, àdúgbò kan ní Kumasi tí wọ́n sábà máa ń pè ní Ash Town, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ di àríyànjiyàn nínú ìdílé Yorùbá kan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí bàbá ilé náà ti wá ṣòwò sí Gánà. Gíà mọ́tò ni bàbá yìí ń tún ṣe ní Suame Magazine, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Gíà nìkan ni o. Bí bíréèkì ló bá bà jẹ́, á ní kí oníbàárà lọ sí ìsọ̀ kejì. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, ó fẹ́ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tún fẹ́ máa ya fídíò níbi ayẹyẹ.

Bàbá sọ fún un pé: “Ọmọ mi, owó iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n san án lé?”

Ọmọ fèsì pé: “Ẹ má bínú, Bàbá. Àwọn mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná ti ń wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì ní irú gíà tí ẹ̀ ń tú yìí. Bí wọ́n bá gba ìgboro, kí lẹ máa ṣe?”

Bàbá ò tètè rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Kí Ló Ń Bọ́ Oníṣẹ́ Kan?

Suame Magazine wà lára ibi táwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ́ńjìnnì nìkan lẹnì kan ń tú, wáyà iná mọ́tò ni ti ẹlòmíì. Ajórin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń kun mọ́tò lọ́dà, àwọn tó ń rán àga mọ́tò àtàwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ara mọ́tò. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti etíkun lọ sí àríwá ń gba Kumasi kọjá, títí kan àwọn tó ń lọ sí Burkina Faso. Èrò yìí ló mú kí gíà nìkan lè bọ́ ìdílé kan.

Lọ́dún 1776, Adam Smith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ The Wealth of Nations pé bí ọjà bá ṣe gbòòrò tó ni iṣẹ́ ṣe máa pín sí wẹ́wẹ́ tó. Ó ní láwọn òkè ilẹ̀ Scotland, níbi tí ilé ti jìnnà síra, àgbẹ̀ kan náà ló ń pa ẹran, tó ń ṣe búrẹ́dì, tó sì ń pọn ọtí fún ìdílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa. Bí bàbá yìí bá gbé iṣẹ́ gíà rẹ̀ lọ sí abúlé tí mọ́tò mẹ́ta péré wà, ebi ló máa pa á.

Ẹni tó mọ púpọ̀ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní Suame, mẹkáníìkì kan wà tí onímọ́tò máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ó máa tẹ́tí sí ìró ọkọ̀, á mọ ibi tó ń dùn ún, á sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Bó ṣe mọ ẹni tó mọ iṣẹ́, iṣẹ́ nìyẹn náà.

Nígbà Tí Nǹkan Bá Yí

Bàbá náà nídìí tó fi rọ̀ mọ́ iṣẹ́ kan. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí ò níwèé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló kó ẹrù wọn, àwọn òbí rẹ̀ sì wà lára wọn. Ìsọ̀ ò ṣeé dì mẹ́rù, bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà ò tẹ̀ lé wọn. Ohun tó wà lọ́wọ́ àti lórí èèyàn nìkan ló bá a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ọmọ wọn pa dà sí Kumasi, ó ti pinnu pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ òun lòun máa kọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà ò ṣeé dà nù. Lọ́dún 1972, yunifásítì tó wà ní Kumasi, tí wọ́n ń pè ní KNUST lónìí, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó máa ń gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nímọ̀ràn. Nígbà tó di 1980, wọ́n ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Suame fúnra rẹ̀, àwọn tó mọ irin í lò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣe bóòtù àtàwọn nǹkan míì. Wọn ò ju iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ nù. Èyí tó múlé gbè é ni wọ́n fi kún un.

Ibi tí ìdílé Ash Town yìí parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn. Owó náà di ti iṣẹ́ fóònù, ọmọ sì gbà pé fídíò á dúró títí òun á fi gba ìdásílẹ̀. Bàbá náà gbà láti máa lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ mọ́tò wò.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó iṣẹ́ fún ọmọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé èrò pọ̀ tó níbi tó fẹ́ dúró sí, débi tí iṣẹ́ kan á fi lè bọ́ ọ? Kí ni wọ́n máa torí ẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ò bá sí níbẹ̀? Iṣẹ́ wo ló sún mọ́ tiẹ̀ tó lè yà sí bí ayé bá yí? Iṣẹ́ kan ló ń sọ èèyàn dẹni tí wọ́n ń wá kiri. Èyí tó fi kún un ni kì í jẹ́ kó dẹni tí wọ́n gbàgbé.