Àjọ Àwọn Júù àti Ìpadàbọ̀ Olúwa: Ohun tí Ojú Mi Rí ní Ifẹ̀

Ọmọ Ifẹ̀ ti máa ń mọ̀ láti kékeré pé ọdún ìlú kì í ṣe ọ̀ràn jíjẹ àti mímu lásán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Ọlọ́jọ́, ni Ọọ̀ni ń dé adé Aàrẹ. Nígbà Edì tí a fi ń rántí Mọ̀rèmi, ẹnì kan wà tó ń gbé ibi ọdún jáde kúrò ní ìlú. Onígbàgbọ́ ni bàbá mi, kì í jẹ́ ká lọ wòran Edì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣí Lefitiku orí 16, tó kà nípa ewúrẹ́ méjì ti Ọjọ́ Ètùtù, tí wọ́n pa ọ̀kan, tí wọ́n sì ka ẹ̀ṣẹ̀ Ísírẹ́lì sórí èkejì kí wọ́n tó lé e lọ sínú aginjù, kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti yé wa.

Olùkọ́ yìí fẹ́ràn Lefitiku orí 23, níbi tí àjọ méjèèje wà. Ó ní mẹ́rin ti ṣẹ. Nígbà Ìrékọjá ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, ó wà nínú ibojì nígbà Àìwúkàrà, ó sì jí dìde bí àkọ́so. Ní àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn náà, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Mẹ́ta ló kù, oṣù keje àwọn Júù sì ni gbogbo wọn: ìpè fífọn ní ọjọ́ kìíní, Ètùtù ní ọjọ́ kẹwàá, Àjọ Àgọ́ láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìpè yẹn ni Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé yóò dún nígbà tí Olúwa bá ń bọ̀. Àjọ Àgọ́ ni Sekaráyà sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa gòkè wá ṣe ní Jerúsálẹ́mù. Ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ mi títí dòní. Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa máa ń dúró sí. Kò dárúkọ ọdún kankan.

Ọ̀dọ̀ alábàágbé wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Seventh Day ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó dárúkọ ọjọ́. Àgbẹ̀ ni William Miller, ní Amẹ́ríkà. Ó mú 2,300 ọjọ́ inú Dáníẹ́lì 8:14 bí ọdún, ó kà á láti 457 ṣáájú ìbí Krístì, ó sì sọ pé Olúwa yóò dé ní nǹkan bí 1843 tàbí 1844. Samuel Snow wá fi Ọjọ́ Ètùtù kún un. Ó ní níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni àlùfáà àgbà ń wẹ ibi mímọ́ mọ́, ọjọ́ yẹn náà ni Jésù yóò dé, ó sì bọ́ sí October 22, 1844. Àwọn kan kò kórè oko wọn. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ẹkún ni wọ́n fi kí ara wọn. Nínú àwọn tó sunkún náà ni Ìjọ Adventist ti jáde, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1863. Wọ́n ní ọjọ́ náà kò yẹ̀, ibi mímọ́ ti ọ̀run ni Olúwa wọ̀. Èmi kò sí nínú ìjọ wọn, ṣùgbọ́n alábàágbé wa kò fi omijé àwọn baba ìjọ rẹ̀ pa mọ́ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ní October 6, 1973, mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Yunifásítì Ifẹ̀, nínú ọgbà tí Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ya àwòrán rẹ̀. Rédíò ròyìn pé Íjíbítì àti Síríà ti kọlu Ísírẹ́lì ní Ọjọ́ Ètùtù gan-an. Ẹgbẹ́ àdúrà wa kò sùn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní October 25, àwọn kan sọ pé orílẹ̀-èdè wa ti tẹ̀lé Gọ́ọ̀gù, ọ̀tá Ísírẹ́lì inú Bíbélì, nìyẹn. Ogun náà rọlẹ̀ kí oṣù tó tán. Ní 1992, àjọṣe náà tún bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti 1988. Edgar Whisenant ti kọ̀wé pé ìgbàsókè yóò ṣẹlẹ̀ nígbà àjọ ìpè, láàárín September 11 sí 13. Ó fi 40 ọdún kún 1948 tí wọ́n dá Ísírẹ́lì sílẹ̀, ó pè é ní ìran kan. Ìjọ kan ládùúgbò wa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan níbẹ̀ ta ayùn, ó ta òòlù, ó ta tábìlì iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Nígbà tí September parí, ẹni tó kéde ọjọ́ náà fún un kò yọjú sí i. Àwa àgbà la dá owó tó fi ra irinṣẹ́ mìíràn. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ àwọn tó ń dá ọjọ́. Ní 2014 àti 2015, òṣùpá ṣókùnkùn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, lórí Ìrékọjá àti Àjọ Àgọ́, àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà sì ní àmì ni. Bẹ́ẹ̀, òṣùpá ni àwọn Júù fi ń ka oṣù. Ìgbà tí òṣùpá bá kún ni àjọ méjèèjì ń bọ́ sí, ìgbà tó bá sì kún nìkan ni òjìji ayé lè bò ó. Ní September 2025, àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù wá fi hàn mí pé ọkùnrin kan ní South Africa ní ìgbàsókè yóò jẹ́ ọjọ́ 23 tàbí 24, nígbà àjọ ìpè. Wọ́n béèrè bóyá kí wọ́n lọ síléèwé. Mo ní kí wọ́n lọ.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn Ifẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní àjọ méjèèje yẹn, nítorí Krístì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka Mátíù 24:36, tó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà, mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, bí ẹ bá sì rí ọmọ ìjọ yín tó fẹ́ ta irinṣẹ́ rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ènìyàn dá, ẹ lọ bá a nílé kó tó tà á.